Wọ́n kọ̀wé pè mí sí júrì ní Lọ́ńdọ̀nù: kí ni mo máa bá níbẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Lẹ́tà kan dé láti kóòtù lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ní kí n wá ṣe júrì ní Woolwich fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, mi ò sì tíì gba páàsípọ́ọ̀tù ìlú yìí, ti Nàìjíríà ni mo ṣì ń lò. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe, wákàtí tí mo bá ṣe ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Bàbá àwọn ọmọ ní kí n ju ìwé náà nù, pé ta ló máa mọ̀ pé ó dé ọwọ́ mi. Màmá mi n'Íbàdàn ní Kristẹni kì í dá ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́jọ́. Èwo ni kí n ṣe? Bí mo bá sì lọ, kí ni mo máa bá níbẹ̀?" Ìyá Ìbejì, Thamesmead.

Ìdáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ẹ ò ṣẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi orúkọ yín sùn níbì kankan. Júrì ni àwọn aráàlú méjìlá tí wọ́n ń kó jọ láti gbọ́ ẹ̀rí ní kóòtù, kí wọ́n sì sọ bóyá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Kọ̀ǹpútà ló yọ orúkọ yín, bí ìgbà tí èèyàn bá tọwọ́ bọ inú igbá tó sì mú èyí tó bá kọ́kọ́ bà lọ́wọ́. Inú ìwé orúkọ àwọn tó lè dìbò ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló sì ń ṣe é fún gbogbo England àti Wales. Jury Central Summoning Bureau ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo lẹ́tà yẹn dáadáa, ẹ ó rí orúkọ náà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ẹni tó ní páàsípọ́ọ̀tù ìlú yìí nìkan ni wọ́n ń pè sí júrì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí òfin ń béèrè ni pé kí èèyàn ti pé ọdún 18, kó má sì tíì pé 76. Kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìdìbò. Kó sì ti gbé ilẹ̀ yìí fún ọdún márùn-ún ó kéré tán lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 13. Nàìjíríà wà nínú Commonwealth, ìdí nìyẹn tí ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú fi lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbí. Ọjọ́ tí ẹ kọ orúkọ yín sínú fọ́ọ̀mù tí kánsù fi ránṣẹ́ sílé yín, ọjọ́ náà lorúkọ yín wọ inú igbá. Bí ẹ ò bá tíì lo ọdún márùn-ún, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú èsì yín, wọ́n á yọ yín kúrò. Ẹni tó wà lórí béèlì, àti ọ̀pọ̀ ẹni tí ilé ẹjọ́ ti rán lọ sẹ́wọ̀n láàrin ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kò gbọdọ̀ jókòó ṣe júrì. Ẹni tó bá sì purọ́ nípa rẹ̀ ti rú òfin.

Ní ti Bàbá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má gba ìmọ̀ràn yẹn. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún yín láti fèsì. Ẹni tí kò bá fèsì, tàbí tó fèsì tí kò sì yọjú, kóòtù lè bu owó ìtanràn tó tó £1,000 lé e lórí. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ òfin, ohun tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tí kò ní ẹ̀bi kankan tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà, nítorí pé ó bẹ̀rù àpò ìwé tó ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá.

Bí àsìkò yẹn kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ lè ní kí wọ́n sún un síwájú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń sún un, kò sì gbọdọ̀ ju oṣù 12 lọ. Bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá bọ́ sí i, tàbí ìdánwò, tàbí ìrìnàjò tí ẹ ti sanwó rẹ̀, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀rí sí i. Kí wọ́n yọ èèyàn kúrò pátápátá ló ṣòro. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti fòpin sí pé iṣẹ́ báyìí báyìí kì í ṣe júrì: dókítà, ọlọ́pàá, òjíṣẹ́ Ọlọ́run, àní adájọ́ pàápàá, ìwé ìpè lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Kí n tó gbàgbé, bí ẹnì kan bá pè yín lórí fóònù pé ẹ kò wá sí júrì, kí ẹ yáa fi káàdì báńkì san owó ìtanràn kí ọlọ́pàá má baà wá mú yín, olè ni. Ẹ pa fóònù.

Ó kan ọ̀rọ̀ owó, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ló ń ta yín lára. Kóòtù kì í san owó oṣù fún júrì. Òfin kò sì fi dandan mú ọ̀gá yín láti san owó wákàtí tí ẹ ò ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń san án. Ẹ bi wọ́n léèrè. Bí wọn ò bá ní san án, fọ́ọ̀mù kan wà tí wọ́n ń pè ní Certificate of Loss of Earnings. Ẹ fún ọ̀gá yín kó kọ ọ̀rọ̀ sí i kó sì buwọ́ lù ú, kí ẹ mú un lọ sí kóòtù. Òun ni wọ́n á fi ṣírò ohun tí ẹ pàdánù. Fún ọdún púpọ̀, £64.95 lójúmọ́ ni iye tó pọ̀ jù tí wọ́n ń san fún ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́, bí èèyàn bá lò ju wákàtí mẹ́rin lọ ní kóòtù. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ìdajì. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá ó tó £129.91. Iye náà lè yí padà nígbàkígbà, nítorí náà èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín ni kí ẹ gbà. Wọ́n tún ń san owó ọkọ̀, owó oúnjẹ díẹ̀, àti owó alágbàtọ́ ọmọ, bó bá jẹ́ pé júrì yìí ló jẹ́ kí ẹ gba alágbàtọ́ náà. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Oṣù 12 lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà bá bẹ̀rẹ̀ ni òpin àsìkò tí ẹ lè béèrè owó yín. Bí ẹ bá ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ tètè fi ìwé ìpè náà han òṣìṣẹ́ tó ń rí sí i.

Lójú tèmi, owó yìí kò tó. Ẹni tó ń ṣe wákàtí méjìlá lójúmọ́ nílé arúgbó máa ń pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì tọ́ kó jẹ́ òun ni ìyà ìsìnlú yóò jẹ jù. Ohun tí òfin fún yín ni pé ọ̀gá yín kò gbọdọ̀ tìtorí júrì lé yín níṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ yín. Bó bá dán an wò, ẹ lè gbé e lọ sí kóòtù òṣìṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣiṣẹ́ òru kí ẹ tún gba ibẹ̀ kọjá sí kóòtù láàárọ̀. Ẹni tó ń tòògbé kò lè gbẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ iwájú ẹnì kan ló wà lọ́wọ́ yín.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ tètè dé. Wọ́n á yẹ àpò yín wò lẹ́nu ọ̀nà bíi ti pápákọ̀ òfurufú. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání: páàsípọ́ọ̀tù, ìwé ìwakọ̀, tàbí ìwé Home Office yín. Wọ́n á kó gbogbo yín sí yàrá ńlá kan, wọ́n á fi fídíò ṣàlàyé iṣẹ́ hàn yín, ìdúró á sì bẹ̀rẹ̀. Ìdúró yẹn ló ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ẹ lè jókòó látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n má pè yín rárá, kí wọ́n ní ẹ padà wá lọ́la. Nígbà míì, ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ kó èèyàn jọ ti gbà pé òun jẹ̀bi láàárọ̀ yẹn. Ẹ mú ìwé kíkà tàbí Bíbélì yín dání, àti súẹ́tà, nítorí pé yàrá náà lè tutù.

Bí wọ́n bá nílò júrì, òṣìṣẹ́ kóòtù á kó nǹkan bí èèyàn 15 wọlé, akọ̀wé kóòtù á pò káàdì pọ̀, á sì máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé méjìlá. (Ní Scotland, èèyàn 15 ni, òfin tiwọn yàtọ̀.) Bí wọ́n bá ṣi orúkọ yín pè, ẹ rọra tún un ṣe fún wọn. Wọ́n á ka orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn àti ti àwọn ẹlẹ́rìí. Ibẹ̀ ni kí àwa Yorùbá ti ṣọ́ra jù, nítorí ìlú ńlá ni Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n àwa tó wà níbẹ̀ kì í pẹ́ mọ ara wa: a jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, a jọ ń dá èsúsú, a jọ jẹun níbi ìsọmọlórúkọ. Bí ẹ bá mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, tàbí ẹ mọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kódà bó bá jẹ́ ọjọ́ kẹta ni ẹ tó dá ojú ẹlẹ́rìí kan mọ̀, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí adájọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìbúra. Wọ́n á fún yín ní káàdì kí ẹ kà á sókè lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ fi Ọlọ́run Olódùmarè búra pé ẹ ó fi òótọ́ inú gbọ́ ẹjọ́ olùjẹ́jọ́, ẹ ó sì dá a bí ẹ̀rí bá ṣe fi hàn. Kristẹni á di Bíbélì mú, Mùsùlùmí á di Kùránì mú. Nílé, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ lè fi irin Ògún búra ní kóòtù; níbí, ẹni tí kò bá fẹ́ fi ìwé mímọ́ búra á kàn jẹ́jẹ̀ẹ́ láìdi nǹkan kan mú, agbára kan náà sì ni méjèèjì ní.

Ọ̀rọ̀ Màmá wá kù. Mo gbọ́ wọn yé. "Ẹ má ṣe dá ni lẹ́jọ́" wà nínú Mátíù orí keje, Màmá kò sì rí júrì rí nílé, nítorí pé ní Nàìjíríà lónìí, adájọ́ nìkan ló ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, òun náà ló ń dá a. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún wọn pé wọn ò ní kí ẹ dá ọkàn èèyàn lẹ́jọ́. Wọn ò bi yín bóyá ẹni náà dára tàbí kò dára, ẹ̀yin kọ́ lẹ sì máa sọ iye ọdún tó máa lò lẹ́wọ̀n. Iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi yín: ṣé ẹ̀rí tí ẹ gbọ́ fi dá yín lójú pé ó ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe? Láyé àtijọ́, bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ ládùúgbò, ṣebí baálẹ̀ á kó àwọn àgbà jọ ni, tọ̀tún tòsì á sọ tẹnu wọn, kí wọ́n tó mọ ẹni tó jàre. Ẹ tún rò ó báyìí: bó bá jẹ́ ọmọ ẹnì kan ní Peckham ló dúró níbẹ̀, tí wọ́n purọ́ mọ́ ọn, irú èèyàn wo ni ìyá rẹ̀ máa fẹ́ kó wà lára àwọn méjìlá yẹn?

Agbẹjọ́rò ìjọba ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì lè fi ọjọ́ púpọ̀ pe ẹlẹ́rìí kó tó kan agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́. Ẹ ó gbọ́ nǹkan tí yóò mú inú bí yín. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n á fún yín ní ìwé àti bírò. Ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn. Olùjẹ́jọ́ kò níláti sọ ohunkóhun rárá. Adájọ́ á sì sọ fún yín pé àfi bó bá dá yín lójú ni ẹ fi lè sọ pé ó jẹ̀bi. Àwa fẹ́ràn ká máa sọ pé "kì í ṣojú lásán". Kì í ṣojú lásán kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ohun tí ẹ ní kò bá ju ìfura lọ, kò jẹ̀bi ni èsì yín.

Gẹ̀ẹ́sì yín ńkọ́? Bí ẹ bá ń gbọ́ ohun tí dókítà ń sọ nípa àwọn arúgbó tí ẹ ń tọ́jú, ẹ ó gbọ́ ti kóòtù. Kò sẹ́ni tó ń wo bí ohùn yín ṣe rí. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá yé yín, tàbí ẹ fẹ́ bi ẹlẹ́rìí ní nǹkan, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, adájọ́ ló máa mọ̀ bóyá ó ṣeé béèrè. Mo ti rí i tí ìwé pélébé kan tú ohun tí agbẹjọ́rò méjèèjì fò kọjá.

Ẹ fetí sí eléyìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn rere ti ń kó sí wàhálà. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ti búra, ẹ ò gbọdọ̀ wá ohunkóhun nípa ẹjọ́ náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi orúkọ olùjẹ́jọ́ wá Google, ẹ má wò ó lórí Facebook, ẹ má lọ wo àdúgbò tí nǹkan náà ti ṣẹlẹ̀. Ní 2011, wọ́n rán obìnrin kan tó wà nínú júrì lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ torí pé ó bá olùjẹ́jọ́ sọ̀rọ̀ lórí Facebook. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ yunifásítì kan tó wá ìtàn olùjẹ́jọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gba oṣù mẹ́fà. Láti 2015, òfin ti sọ ìwádìí bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn lè tìtorí rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Ẹ lè sọ fún àwọn ará ilé àti ọ̀gá yín pé ẹ wà ní júrì. Ohun tí ẹjọ́ náà dá lé, ẹ má sọ ọ́ fún Bàbá Ìbejì, ẹ má kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹbí, ẹ má sì kó o tọ pásítọ̀ lọ. Ẹ lè gbàdúrà kí Ọlọ́run fún yín lọ́gbọ́n, àdúrà dára. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni bá yín wò ó lójú ẹ̀mí. Ní 1994, àwọn mélòó kan nínú júrì ẹjọ́ ìpànìyàn kan wà ní òtẹ́ẹ̀lì lóru, wọ́n sì fi pátákó ìbókùúsọ̀rọ̀ bi òkú léèrè ẹni tó pa á. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ náà, ó sì di dandan kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rò ó wò bí yóò ti rí lára àwọn ẹbí òkú, tí wọ́n tún jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí ẹ̀rí bá parí tí adájọ́ sì ti ṣàlàyé òfin, wọ́n á kó ẹ̀yin méjìlá sínú yàrá kan, wọ́n á gba fóònù yín, wọ́n á tilẹ̀kùn. Ẹ ó yan alága láàrin ara yín. Yàrá yìí ni ọ̀pọ̀ lára wa ti ń rọ, ohun tó sì jẹ́ kí n kọ ìdáhùn tó gùn tó báyìí nìyẹn. Ẹnì kan á wà níbẹ̀ tó jẹ́ máníjà, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tí ohùn rẹ̀ ń bo ti gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, ohùn kan lòun náà ní. Ẹ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àwọn arúgbó, ẹ mọ ìgbà tí èèyàn ń pa irọ́ mọ́ ìrora, ẹ sì mọ ìgbà tí ìrora náà jẹ́ òótọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Bí ẹnì kan bá ní "gbogbo wa ló mọ̀ pé ó ṣe é", ẹ ní kó tọ́ka sí ẹ̀rí tó fi mọ̀. Bí èrò yín bá sì yí padà nítorí pé ẹ gbọ́ àlàyé tó múná, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má yí i padà torí pé ó ti di aago mẹ́rin tí ẹ fẹ́ lọ gbé àwọn ìbejì nílé ìwé.

Adájọ́ á kọ́kọ́ ní kí ẹnu gbogbo yín kò. Ó gbọ́dọ̀ fún yín ní wákàtí méjì ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, bó bá rí i pé ó tọ́, ó lè gbà kí mẹ́wàá nínú méjìlá fi ẹnu kò. Bí ẹ bá wà lára àwọn méjì tí kò fara mọ́ ọn, ẹ ò ṣẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì lè fìyà jẹ yín lórí èsì tí ẹ bá fún wọn. Ẹ̀tọ́ yìí kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 1670, wọ́n gbé William Penn àti William Mead wá sí ilé ẹjọ́ Old Bailey torí pé wọ́n wàásù ní òpópónà Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn júrì kọ̀ láti dá wọn lẹ́bi. Adájọ́ tì wọ́n mọ́lé fún òru méjì, láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí iná, síbẹ̀ wọn ò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ó bu owó lé wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Edward Bushell, kọ̀ láti san án, ó sì jókòó sẹ́wọ̀n títí ẹjọ́ rẹ̀ fi dé iwájú adájọ́ àgbà Vaughan, ẹni tó là á mọ́lẹ̀ pé a kò lè fìyà jẹ júrì nítorí ìdájọ́ wọn. Òkúta ìrántí wọn wà lára ògiri ní Old Bailey títí dòní.

Lẹ́yìn tí alága bá ti kéde èsì, iṣẹ́ yín parí. Ohun tí wọ́n sọ ní gbangba kóòtù, ẹ lè sọ ọ́ fún èèyàn nígbà náà. Ohun tí ẹ sọ láàrin ara yín nínú yàrá yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ títí ayé. Àwọn ẹjọ́ kan máa ń wúwo, àwòrán wọn kì í tètè kúrò lójú. Bí oorun kò bá kùn yín mọ́, ẹ bá òṣìṣẹ́ kóòtù sọ ọ́, ẹ sì rí dókítà yín. Bí wọ́n bá tún pè yín láàrin ọdún méjì, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀.

Aṣọ tí ẹ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tó mọ́ ti tó, ìró àti bùbá náà kò burú. Ẹ sọ pé ọjọ́ kẹta nìyí tí lẹ́tà dé, ó sì lè ti di ọjọ́ karùn-ún kí ẹ tó ka èyí. Lálẹ́ òní, bí àwọn ọmọ bá ti sùn, ẹ yọ lẹ́tà náà síta, nọ́ńbà tí wọ́n fún yín wà lára rẹ̀. Ẹ wọlé sórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kí ẹ pè wọ́n láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹ fèsì.